Àtíòro Inú Igi Afàrà

Oṣù Èrèlé ọdún tó kọjá ni mo kọ́kọ́ rí Bàbá Mùbàṣírù. Mo kí i, kò dáhùn. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi, Ọ̀rẹ́dọlá, tó ń kẹ́kọ̀ọ́ nípa ẹranko ní yunifásítì Àgọ́-Ìwòyè, ló mú mi lọ sí oko bàbá náà lẹ́yìn Òkè-Àgbò. A bá a lórí bẹ́ǹṣì kékeré kan lábẹ́ igi kòkó, ó ṣí fìlà rẹ̀ lé itan, ó gbójú sókè. Mo kúnlẹ̀, mo ní, "Ẹ káàárọ̀, sà." Ó na ìka kan sókè sí mi, bí ẹni pé kí n gbé ìyókù ìkíni náà mì. Ojú tì mí. Ní ilẹ̀ wa, a kì í dá ìkíni dúró sí ọmọ ènìyàn lẹ́nu.

Ó tó ìṣẹ́jú mẹ́wàá kí n tó mọ ohun tó fà á. Ẹyẹ kan fò dé, dúdú lẹ́yìn, funfun níkùn, àgógó ẹnu rẹ̀ gùn, ó sì tẹ̀ bí àdá tí wọ́n ti pọ́n lápọ̀jù. Apá rẹ̀ ń dún bí aṣọ tí a ń gbọ̀n kí a tó sá a. Ó bà sí ara igi afàrà ńlá kan lọ́ọ̀kánkán wa, ó ti àgógó bọ inú ihò tóóró kan lára igi náà lẹ́ẹ̀mẹta, ó sì fò lọ. Ìgbà yẹn ni bàbá dìde. Ó dé fìlà rẹ̀, ó yíjú sí mi, ó sì kí mi lẹ́sẹẹsẹ, ti ilé, ti ọ̀nà, ti iṣẹ́, ti ọmọ, kò fo ọ̀kan.

"Ẹ má bínú, ìyá mi," ó ní. "Ó ń bọ̀ ni. Bó bá gbọ́ ohùn àjèjì, yóò yà lọ, ebi á sì máa pa ìyàwó rẹ̀."

Ohun tí mo kọ sílẹ̀ yìí, ẹnu òun fúnra rẹ̀ àti ẹnu Ọ̀rẹ́dọlá ni mo ti gbọ́ ọ.

Ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n ni Mùbàṣírù fi wo igi fún àwọn tó ń gé e. Ilé ìlagi kan ní Ìjẹ̀bú-Igbó ló gbà á síṣẹ́ nígbà tó wà ní ọmọ ọdún mẹ́tàlélógún. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti wọ igbó ṣáájú àwọn agégi, òun nìkan, pẹ̀lú àdá àti gàrí inú ọ̀rá, kí ó yan igi tó gbó, tó tọ́, tí inú rẹ̀ kò sì jẹrà. Yóò fi ẹ̀yìn àdá gbá a, yóò gbọ́ ohùn rẹ̀, yóò gbá a lẹ́ẹ̀kan sí i níhà kejì. Bí ó bá tẹ́ ẹ lọ́rùn, yóò ṣá àmì sí i lára ní ìwọ̀n àyà: ojú àdá méjì tó fara ti ara wọn, àti ẹyọ kan tó dábùú lábẹ́ wọn. Ẹnìkọ̀ọ̀kan àwọn tó ń ṣe iṣẹ́ náà ló ní àmì tirẹ̀, bí ilà ojú. Agégi tó bá ti rí i kì í bi ẹnikẹ́ni léèrè mọ́, yóò kàn tan ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ni. Igi tí wọn kò bá ṣá, òun ni igi tí wọ́n dá sí.

Nínú àwọn agégi tó ń tẹ̀ lé àmì rẹ̀, Gabriel ló sún mọ́ ọn jù. Ọmọ Ìwópin ni. Bàbá rẹ̀ ti ṣiṣẹ́ rí ní ilé-iṣẹ́ pépà tó wà níbẹ̀. Ogún ọdún ló jẹ́ nígbà tó dé Ìjẹ̀bú-Igbó, kò mọ arère yàtọ̀ sí afàrà, Mùbàṣírù ló kọ́ ọ. Gabriel a máa fi ọ̀gá rẹ̀ ṣe yẹ̀yẹ́ pé bí ọ̀gá bá gba iwájú ilé-ìwé kọjá, àwọn igi máńgòrò inú ọgbà a máa fara pamọ́ sẹ́yìn ara wọn. Ọ̀gá a ní kí àwọn igi náà má fòyà, pé ọwọ́ ẹni tó bá ń gé arère nígbà tí a rán an ní afàrà kò lè tó wọn láéláé.

Nígbà tí orúnkún Mùbàṣírù kò gba ọ̀nà jíjìn mọ́, ó fi iṣẹ́ sílẹ̀. Lọ́jọ́ tó ń dágbére, ó sọ fún Gabriel pé tó bá yá, òun yóò yan igi méjì tàbí mẹ́ta nínú oko bàbá òun, fún òrùlé ilé tí ọmọbìnrin òun, Zulaikha, ń kọ́ ní Abígí. "Bí o bá rí àmì mi níbẹ̀," ó ní, "má wulẹ̀ wá mi wá sílé. Gé e." Gabriel ní ó yé òun. Ọ̀rọ̀ náà kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ilé Zulaikha gba páànù lórí irin nígbẹ̀yìn, kò sì sẹ́ni tó tún dárúkọ igi. Mùbàṣírù gbàgbé. Gabriel ni kò gbàgbé.

Asimawu, ìyàwó Mùbàṣírù, a máa yan gàrí lẹ́yìnkùlé wọn. Ẹnu rẹ̀ kì í sinmi nídìí agbada. Àwọn obìnrin àdúgbò a máa gbé ẹ̀gẹ́ tí wọ́n ti rin wá sọ́dọ̀ rẹ̀, kì í ṣe pé wọn kò ní iná nílé, ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ ni wọ́n ń tẹ̀ lé wá. Ní àárọ̀ ọjọ́ ọyẹ́ kan, ó ń sọ̀rọ̀ lọ, ó dákẹ́ lójijì, ó sì rọra fì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan bí àpò tí a kò gbé jókòó dáadáa. Rọpárọsẹ̀ ni. Ó mú apá ọ̀tún, ó mú ẹsẹ̀ ọ̀tún, ó sì fa ẹnu rẹ̀ lọ sí ẹ̀gbẹ́.

Nígbà tí wọ́n gbé e dé láti ọsibítù, ó wo ojú ara rẹ̀ nínú dígí lẹ́ẹ̀kan péré. Ó ní kí wọ́n yí dígí náà kọjú sí ògiri. Láti ọjọ́ náà, kò gbà kí ẹnikẹ́ni wọlé tọ òun àfi ọkọ rẹ̀, àti Olúfúnmi, ìyàwó kan ní ilé tó tẹ̀ lé tiwọn, tó ń wá wẹ̀ ẹ́. Dókítà ní kí wọ́n máa gbé e jáde sí oòrùn, kó máa rí ojú ènìyàn, pé bí ó bá dùbúlẹ̀ síbẹ̀, ara tó kù náà á gbàgbé iṣẹ́. Zulaikha gbé kẹ̀kẹ́ arọ wá láti Abígí. Orúkọ tí wọ́n ń pe kẹ̀kẹ́ náà dun Asimawu ju kẹ̀kẹ́ fúnra rẹ̀ lọ. Ó ní òun kò ní jáde títí ẹnu òun á fi padà sáyè rẹ̀. Kẹ̀kẹ́ náà dúró ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, tòun tọ̀rá tí wọ́n fi wé e.

Ohun kan ṣoṣo ni Mùbàṣírù ń tọrọ lọ́dọ̀ Ọlọ́run nígbà náà, pé kí ìyàwó òun gbà láti jáde.

Láràárọ̀ lẹ́yìn ìrun àsùbáà, Olúfúnmi yóò dé pẹ̀lú omi gbígbóná, yóò sì lé e síta. Á ní, "Bàbá, ẹ lọ gba atẹ́gùn. Kí oòrùn yọ kí ẹ tó padà." Kò rí ibi tí yóò lọ. Mọ́ṣáláṣí ti tú, kò sì fẹ́ kí àwọn ènìyàn máa bi í pé ara ìyàwó ńkọ́. Bó ṣe di pé ó ń lọ sí oko bàbá rẹ̀ nìyẹn, ibi tí afàrà méje tò sí ní ẹ̀gbẹ́ odò kékeré tó jẹ́ ààlà.

Ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, kò rí nǹkan kan. Bí ojú rẹ̀ bá ti ba igi, pákó ló ń rí: èyí yóò tó ogún, èyí yóò tó ọgbọ̀n. Lọ́jọ́ kan orúnkún dá a jókòó. Ó jókòó pẹ́, kò mira, àwọn nǹkan tó ti dákẹ́ nítorí ẹsẹ̀ rẹ̀ sì bẹ̀rẹ̀ sí í padà sẹ́nu iṣẹ́ wọn. Ọ̀kẹ́rẹ́ kan sọ̀ kalẹ̀, orí ló fi ṣáájú. Ìrì ń kán láti ewé afàrà nígbà tí ti ewé kòkó ti dáwọ́ dúró. Lẹ́yìn náà ló rí i pé wọ́n ti fi amọ̀ rẹ́ ihò kan lára afàrà kẹrin, ó ku ojú tóóró kan, tí kò fẹ̀ ju ìka ọwọ́ lọ. Akọ àtíòro kan sì fò wá, ó ń ti ẹyìn bọ ojú tóóró náà.

Àwọn ọdẹ ti sọ ọ́ fún un rí. Bí abo àtíòro bá fẹ́ yé, yóò wọ inú ihò igi, yóò mọ ẹnu ọ̀nà mọ́ ara rẹ̀, yóò sì bọ́ ìyẹ́ apá rẹ̀ sílẹ̀ níbẹ̀. Ọkọ rẹ̀ ni yóò máa bọ́ ọ láti ìta títí àwọn ọmọ yóò fi fẹ́rẹ̀ẹ́ fò. Mùbàṣírù mọ ọ̀rọ̀ náà bí a ṣe ń mọ ìtàn. Kò dúró wò ó rí. Bóyá ó tó ọgọ́rùn-ún irú igi bẹ́ẹ̀ tó ti ṣá lámì.

Nígbà tó délé, Asimawu ti wẹ̀ tán, ó kọjú sí ògiri bí ìṣe rẹ̀. Mùbàṣírù jókòó létí ibùsùn, ó ń rò fún un ohun tó rí. Nígbà tó dé ibi amọ̀, obìnrin náà yíjú padà.

"Ta ló mọ ọ́n mọ́bẹ̀?" Ọ̀rọ̀ náà ń wọ́ jáde lẹ́nu rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan.

"Òun fúnra rẹ̀ ni."

"Ó mọ ohun tó ń ṣe," Asimawu ní.

Ó ti tó oṣù kan tó ti sọ̀rọ̀ tó gùn tó bẹ́ẹ̀ gbẹ̀yìn.

Láti ọjọ́ náà, wíwò di iṣẹ́ Mùbàṣírù. Kò jẹ́ padà sílé lọ́wọ́ òfo. Yóò sọ iye ìgbà tí akọ wá, yóò sọ ohun tó gbé sẹ́nu, bóyá ẹyìn ni tàbí èso ọ̀pọ̀tọ́ tàbí ìrẹ̀ lásán. Yóò sọ pé ó kọ́kọ́ ń nu àgógó rẹ̀ lára ẹ̀ka lẹ́ẹ̀mejì kó tó sún mọ́ ìyàwó rẹ̀, bí ọkùnrin tó ń nu ẹsẹ̀ rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Ó mú ìyẹ́ dúdú kan wá sílé lọ́jọ́ kan, Asimawu fi í sábẹ́ ìrọ̀rí. Bí Olúfúnmi bá sì ti ń palẹ̀ omi mọ́, tí Asimawu gbọ́ ẹsẹ̀ ọkọ rẹ̀ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, ìbéèrè rẹ̀ kì í yàtọ̀.

"Ṣé ó ti jáde?"

"Ó kù díẹ̀."

Ní ọjọ́ kan ló wá sọ fún un pé, "Ọjọ́ tó bá jáde, ìwọ náà á jáde." Ó fi ẹ̀rín sọ ọ́. Asimawu kò rẹ́rìn-ín.

"Mo gbọ́," ó ní. "Ẹ má gbàgbé pé ẹnu yín lẹ fi sọ ọ́."

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, ó ní kí Olúfúnmi bá òun wá bọ́ọ̀lù rọ́bà tí wọ́n fún òun ní ọsibítù, tí òun jù sábẹ́ ibùsùn. Ó fi ọwọ́ òsì tẹ̀ ẹ́ sí àtẹ́lẹwọ́ ọ̀tún, ó ń gbìyànjú láti fún un. Ọjọ́ karùn-ún ni ìka àárín mira.

Àkókò yẹn ni Ọ̀rẹ́dọlá bá Mùbàṣírù pàdé nínú oko, òun àti ìwé rẹ̀ àti awò tó ń mú ọ̀nà jíjìn sún mọ́ni. Wọ́n di ọ̀rẹ́. Ọmọ náà ń kọ gbogbo ohun tí bàbá bá kà sílẹ̀, ó sì ṣírò rẹ̀ pé ìparí oṣù Ẹrẹ́nà ni abo náà yóò wó ògiri rẹ̀. Mùbàṣírù gbé ìyẹn náà délé. Asimawu ní kí wọ́n ka ọjọ́ náà fún òun lórí kàlẹ́ńdà.

Ó ku ọ̀sẹ̀ méjì. Ọjọ́rú ni ọsibítù ní kí wọ́n gbé Asimawu padà wá sí Ìjẹ̀bú-Òde, kí Mùbàṣírù bá a lọ. Ọ̀rẹ́dọlá ni yóò dá lọ sí oko lọ́jọ́ náà. Kùrukùru sì wà láràárọ̀ nígbà náà, afàrà méje náà jọra bí ọmọ ìyá, ọmọ náà sì ti fi odidi wákàtí kan wo igi tí kì í ṣe òun rí. Bàbá náà kò fẹ́ kó ṣìnà. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ó lọ sí oko, ó dúró níwájú afàrà kẹrin, ó sì yọ àdá. Ọwọ́ rẹ̀ mọ ohun tí yóò ṣe ju òun lọ. Ó ṣá a lẹ́ẹ̀kan, ó ṣá a lẹ́ẹ̀kejì, ó dábùú ẹ̀kẹta. Ó sún sẹ́yìn, ó wò ó. Inú rẹ̀ dùn díẹ̀ pé ọwọ́ òun kò tíì gbàgbé.

Ó lè so àkísà mọ́ ọn. Ó lè to òkúta sí ìdí rẹ̀. Òun ló sọ èyí fún mi, kò sì dúró kí n tù ú nínú.

Ọ̀rẹ́dọlá lọ ní Ọjọ́rú, ó rí àmì, ó rí ẹyẹ, ó kọ tirẹ̀ sílẹ̀. Kò mọ ìtumọ̀ àmì náà. Ní Ọjọ́bọ̀, ìrìn àná ti rẹ Asimawu, ara rẹ̀ gbóná, ọkọ rẹ̀ kò sì kúrò nílé. Ní ọ̀sán ọjọ́ náà gan-an, Gabriel ń gé igi nínú oko ìdílé Adéníran ní òdìkejì odò. Ó sọ̀ kalẹ̀ wá bu omi sójú, ó gbójú sókè, ó sì rí àmì ọ̀gá rẹ̀.

Kí oòrùn tó wọ̀, ó dé ilé Mùbàṣírù, ìyẹ̀fun pákó ṣì wà ní irun orí rẹ̀.

"Ọ̀gá, a ti bá yín ṣe é," ó ní, ó ń rẹ́rìn-ín.

"Ẹ bá mi ṣe kí ni?"

"Afàrà yín. Ibi tí mo fẹ́ kó ṣubú sí ló ṣubú sí. Mo rí i pé ó ní ihò lókè, mo ní áà, ojú ọ̀gá ti ń di ojú àgbà. Ṣùgbọ́n àmì yín ni, ta ni mo jẹ́ tí n ó fi bèèrè?"

Mùbàṣírù na ọwọ́ wá ògiri. Láti inú yàrá, Asimawu bèèrè ẹni tó wá. Ọkọ rẹ̀ ní Gabriel ni, pé ó wá kí wọn. Ó mú ọkùnrin náà lápá, ó fà á dé ìta, ẹ̀gbẹ́ gọ́tà, ó sì sọ ohun tó wà nínú ihò náà fún un. Gabriel jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ níbẹ̀, tòun ti ṣòkòtò iṣẹ́.

"Ẹ ní kí n má wá yín wá sílé," ó ní lẹ́yìn-ọ̀rẹyìn.

"Mo sọ bẹ́ẹ̀."

Ní àárọ̀ ọjọ́ Ẹtì, Mùbàṣírù kí ìrun, ó sì lọ. Igi náà nà gbalaja lórí kòkó tó fọ́ lábẹ́ rẹ̀. Ògiri amọ̀ ti là. Ó ti ọwọ́ bọ inú ihò, ó sì fa abo àtíòro náà jáde. Kò ní ìyẹ́ lápá. Kì bá tiẹ̀ lè fò ká ní ó rí ọ̀nà. Ọmọ méjì wà lábẹ́ rẹ̀, ìyẹ́ ti ń yọ lára ọ̀kan bí abẹ́rẹ́. Ó fi àdá kan náà gbẹ́lẹ̀, ó sì sin wọ́n. Bó ti ń tẹ ilẹ̀ lé wọn lọ́wọ́, ó gbọ́ aṣọ tí wọ́n ń gbọ̀n lókè. Akọ náà dé, ẹyìn pupa kan wà lẹ́nu rẹ̀. Ó fò tààrà lọ sí ibi tí ihò náà ti wà lójú sánmà, ó yípo, ó tún yípo, ó bà sí afàrà karùn-ún. Kò gbé ẹyìn náà mì.

Mùbàṣírù tò ó sọ́kàn láti oko délé bí òun yóò ṣe sọ ọ́. Nígbà tó wọlé, Asimawu ti gbé ara rẹ̀ sókè díẹ̀ lórí ìrọ̀rí. Bọ́ọ̀lù rọ́bà náà wà ní ọwọ́ ọ̀tún, ìka mẹ́ta sì ti dì í mú.

"Ṣé ó ti jáde?"

Ó wo ìka mẹ́ta náà.

"Ó ti jáde," ó ní.

"Àwọn ọmọ ńkọ́?"

"Méjì ni. Wọ́n fò."

Omijé bọ́ lójú obìnrin náà, ó ṣàn gba ẹ̀gbẹ́ ẹnu tó wọ́. "Alihamudulilahi," ó ní. Lẹ́yìn náà ó ní, "Ẹ bá mi tú ọ̀rá kúrò lára kẹ̀kẹ́ yẹn. Mo fẹ́ lọ wo ibi tó gbà jáde."

Ohun tí ọkọ rẹ̀ ti ń tọrọ láti ọjọ́ ọyẹ́ nìyẹn. Òun ló wá ń sún un síwájú. Ọjọ́ kìíní, ó ní òjò ṣú. Ọjọ́ kejì, ó ní táyà kẹ̀kẹ́ kò gba afẹ́fẹ́. Ọjọ́ kẹta, kò rí nǹkan kan sọ, Asimawu sì bi í bóyá ó ti gbàgbé ohun tó fi ẹnu ara rẹ̀ sọ. Ọjọ́ kẹrin, Olúfúnmi wọ aṣọ fún un, ó fi ìbòrí bò ó lórí, Asimawu sì fa etí ìbòrí náà wá bo ẹnu. Bí kẹ̀kẹ́ ṣe jáde sí òpópónà, àwọn obìnrin tí wọ́n ti ń yan gàrí lọ́dọ̀ rẹ̀ tú jáde. Kò sí ẹni tó wo ẹnu rẹ̀. Wọ́n ń kí i kú àbọ̀, bí ẹni tó ti ìrìn àjò dé. Ọ̀kan ní láti ìgbà tó ti lọ, gàrí àwọn kò dùn mọ́, pé kò sẹ́ni tó ń bú àwọn nídìí iná. Asimawu rẹ́rìn-ín lábẹ́ ìbòrí. Mùbàṣírù ń ti kẹ̀kẹ́ náà lẹ́yìn rẹ̀, ní gbogbo ẹnu ọ̀nà tí wọ́n ń kọjá, ó ń rò ó pé ibí yìí ni òun yóò ti sọ fún un. Kò sọ ọ́.

Wọ́n dé oko. Gabriel kò jẹ́ kí ọkọ̀ wá gbé igi náà, ibẹ̀ ló ṣì wà. Asimawu wò ó láti òkè dé ìdí. Ó ní kí ọkọ òun ti òun sún mọ́ ọn. Ó na ọwọ́ òsì, ó fi ìka tọ ojú àdá kìíní, ó tọ èkejì, ó tọ èyí tó dábùú. Ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n ló fi ń gbọ́ nípa àmì náà.

"Ọwọ́ yín ni," ó ní.

"Ọwọ́ mi ni."

Ó wá rò ó fún un láti ìbẹ̀rẹ̀, kò fi ohun kan pamọ́, títí dé ibi tó sin wọ́n sí. Obìnrin náà kò dá a dúró. Nígbà tó sọ ọ́ tán, ó bi í ohun tó fà á tó fi purọ́ fún òun.

"Mo fẹ́ kí o jáde ni."

"Mo ti jáde," Asimawu ní.

Kò pẹ́ tí wọ́n fi gbọ́ ìró apá. Akọ àtíòro náà dé pẹ̀lú èso lẹ́nu. Ó yípo lójú sánmà níbi tí igi ti wà rí, ó bà sí afàrà karùn-ún, ó ń nu àgógó rẹ̀ lára ẹ̀ka. Etí ìbòrí yọ lọ́wọ́ Asimawu, kò sì fà á padà.

"Kò tíì gbọ́," ó ní. Ó tún ní, "Ta ni yóò sọ fún un?"

Láti ọjọ́ náà, òun ló ń ní kí wọ́n gbé òun lọ láràárọ̀. Wọ́n jọ ń jókòó níwájú igi tó nà sílẹ̀ náà. Ọ̀rẹ́dọlá ń kọ iye ìgbà tí akọ náà wá sínú ìwé rẹ̀ ṣáá. Mo ti rí ojú ìwé náà. Ọjọ́ àkọ́kọ́ tí Asimawu dé ibẹ̀, ẹ̀ẹ̀mẹfà. Lẹ́yìn náà, ẹ̀ẹ̀mẹfà, ẹ̀ẹ̀mẹrin, ẹ̀ẹ̀mẹrin, ẹ̀ẹ̀mẹta, ẹ̀ẹ̀kan, ẹ̀ẹ̀kan, ẹ̀ẹ̀kan. Ọjọ́ kẹsàn-án, wọ́n jókòó títí oòrùn fi ga. Nǹkan kan kò wá.

"Ó ti gbọ́," Asimawu ní. "Ẹ jẹ́ ká máa lọ sílé."

Kò tún bèèrè oko mọ́. Kò bá ọkọ rẹ̀ jà, kò sì kọjú sí ògiri mọ́. Ìrọ̀lẹ́ ni wọ́n ń gbé e jókòó síwájú ilé, àwọn obìnrin ń wá bá a ṣeré, òun náà a sì máa dá wọn lóhùn. Àmọ́ Olúfúnmi bá bọ́ọ̀lù rọ́bà náà lábẹ́ ibùsùn nígbà tó ń gbálẹ̀. Nígbà tó nà án sí i, Asimawu ní kó fi í síbẹ̀.

Mùbàṣírù ń dá lọ sí oko, nítorí Olúfúnmi ṣì ń lé e síta. Kò ní ohun tó ń wò. Ó kàn ń jókòó sórí bẹ́ǹṣì rẹ̀ ni, kò sì mú àdá dání mọ́. Ní àárọ̀ ọjọ́ kan nínú oṣù Òkúdù, Olúfúnmi ń da omi sí Asimawu lẹ́yìn lọ́wọ́ nígbà tí rọpárọsẹ̀ náà padà wá. Kò lò ju ìṣẹ́jú díẹ̀ lọ. Ọ̀rẹ́dọlá ló wà nítòsí, òun ni wọ́n rán. Ó sáré láti Òkè-Àgbò dé ìdí kòkó, ó sì ń mí hẹlẹ. Kó tó lanu, bàbá náà na ìka kan sókè sí i, ojú rẹ̀ wà ní ibi tí afàrà kẹrin ti wà rí.

Ọmọ náà dúró. Ó sọ fún mi pé kò sí ẹyẹ kankan níbẹ̀.

Ó pẹ́ díẹ̀ kí bàbá náà tó sọ ọwọ́ kalẹ̀. Ó mú fìlà rẹ̀ lórí itan, ó gbọ̀n ọ́n, ó dé e.

"Ó dáa," ó ní. "Sọ ọ́ wàyí."

Kí ìrun ìrọ̀lẹ́ tó tó, wọ́n ti sin Asimawu. Gabriel wà lára àwọn tó gbẹ́ ilẹ̀. Lẹ́yìn àdúrà ọjọ́ kẹjọ, Zulaikha di ẹrù bàbá rẹ̀ sínú àpò kan. Nígbà tó ń ká ibùsùn ìyá rẹ̀, ó rí ìyẹ́ dúdú kan lábẹ́ ìrọ̀rí, kò mọ ohun tó jẹ́, ó sì jù ú sí ilẹ̀ẹ́lẹ̀ tó ń gbá. Bàbá rẹ̀ bẹ̀rẹ̀, ó mú un.

Igi afàrà náà ṣì wà nínú oko lẹ́yìn Òkè-Àgbò, olú ti hù sí i lára. Bàbá Mùbàṣírù wà ní Abígí báyìí, nílé Zulaikha, nínú yàrá tó kọjú sí ẹ̀yìnkùlé.